Èjí Olúmúyìwá

"Ẹ káàsán, mà." Morọ́lá kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù ọwọ́ rẹ̀.

Obìnrin tó wọlé náà kò jókòó. Ó dúró sí àárín ṣọ́ọ̀bù fótò náà ní Ṣógúnlé, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń wo àwọn àwòrán ara ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀ láàárín èrò. Yóò tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rín tàbí ìbínú kankan lójú rẹ̀.

"Bàbá oní-fótò dà?"

"Wọ́n wà nílé, mà. Ara wọn ò tíì yá tán. Èmi ọmọ wọn ni mo máa ń jókòó síbí tí mo bá ti ti ilé ìwé dé."

Oṣù mẹ́jọ nìyẹn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́yìsetán, bàbá Morọ́lá. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń jẹun, ó ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń tẹ kámẹ́rà kò mọ nǹkan kan mọ́. Iná lè jó o kó má mọ̀. Tíṣà ni ìyá Morọ́lá, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń dé. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó wà ní SS2 ṣe di ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà ni ilé wọn ti dákẹ́. Kò sí ẹni tó ń jà, kò sí ẹni tó ń sunkún. Morọ́lá ń jẹ, ó ń kàwé, ó ń sùn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wù ú nínú wọn, kò sì sí èyí tó bí i nínú. Ó kàn ń ṣe wọ́n ni.

"Jakande Estate ni mo ti wá, ní Ìsọlọ̀," obìnrin náà wí. "Ìyá Olúmúyìwá ni mí. Bàbá rẹ ló ya ọmọ mi ní fótò lọ́dún 2019, nígbà tó gboyè jáde. Ó wọ gáùnù, ó dé fìlà onígun mẹ́rin yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi tún un tẹ̀."

"Ṣé èyí tẹ́ ẹ gbà nígbà yẹn ti bàjẹ́ ni, mà?"

"Ọmọ mi ti kú." Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. "Ó pé ọdún kan lóṣù tó kọjá. Ọkọ̀ ni, lọ́nà Èkìtì. Àwọn ẹbí wá, wọ́n kó aṣọ rẹ̀, wọ́n kó bàtà rẹ̀, wọ́n yọ gbogbo àwòrán rẹ̀ lára ògiri. Wọ́n gba fóònù mi, wọ́n pa tibẹ̀ náà rẹ́. Wọ́n ní kí ojú mi má baà máa rí i. Nígbà tí mo ní kí wọ́n dá ẹyọ kan padà, wọ́n ní àwọn ti jó gbogbo rẹ̀."

"Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ yín ńkọ́, mà?"

"Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn. Kò sí ẹni tó jẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Gbogbo wọn ló ní kí n gbàgbé."

Morọ́lá mọ àṣà náà. Òbí kì í bá wọn dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀, nítorí ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àánú ìyá yìí ló ṣe àwọn ẹbí tí wọ́n fi kó àwòrán lọ. Ṣùgbọ́n àánú náà a máa ṣìnà.

"Mi ò tíì sunkún láti ọjọ́ yẹn," ìyá náà wí. "Omijé ò wá. Ara mi kú ni. Ìyẹn gan-an ò yọ mí lẹ́nu. Ohun tó gbé mi wá ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó, mo fẹ́ rántí ojú ọmọ mi, mi ò sì rí i. Mo wá a títí. Ìwọ ṣáà bá mi wò ó. Ó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, èjí rẹ̀ hàn gbangba. O ò lè ṣì í mọ̀."

Morọ́lá fa ìwé ńlá bàbá rẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì. Gbogbo ẹni tó bá ya fótò ni bàbá máa ń kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà. Ó rí i: Ọládòṣù Olúmúyìwá àti ìyá rẹ̀, 2019, nọ́ńbà 214. Ọwọ́ ọ̀tún tó ti kú báyìí ló kọ ọ́, ó sì rẹwà. Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé orí rẹ̀ ló ti mọ̀ pé fótò náà kò sí níbẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló pa á rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́yìsetán kì í da àwòrán nù. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó ya fótò lónìí kò tíì mọ ọjọ́ tó máa wá a." Òótọ́ ló sọ, torí àwọn tó ń wá tún fótò tẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìdajì wọn ló fẹ́ lò ó fún ìwé ètò ìsìnkú. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí Kọ́láolúwa, ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òdìkejì títì, bá òun gbé ètò bákọ́ọ̀pù kalẹ̀. Lójoojúmọ́, bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, ètò náà á ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà sínú díìsìkì dúdú kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Kọ́láolúwa tò ó, ó pe Morọ́lá mọ́ra.

"Wo ibí yìí dáadáa. Ó ń bi wá pé, tẹ́ ẹ bá pa fótò kan rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, kí ni kí òun ṣe sí ẹ̀dà rẹ̀ tó wà nínú díìsìkì? Ó lè tọ́jú ẹ̀ títí láé. Ó lè tọ́jú ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ó sì lè pa òun náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Títí láé la máa mú. Má fọwọ́ kan ibí yìí o, àfi tó o bá kọ́kọ́ bi èmi tàbí bàbá ẹ."

"Mo ti gbọ́, Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn ni Diamond wọ ọ̀rọ̀ náà. Kíláàsì kan náà ni òun àti Morọ́lá wà, ijó sì ń bẹ lẹ́sẹ̀ ọmọ náà bíi kó má dáwọ́ dúró. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Ameenat àti Rodiat, a máa jó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, Morọ́lá a sì fi kámẹ́rà bàbá rẹ̀ ká fídíò wọn. Wákàtí kan péré lójúmọ́ ni, ṣùgbọ́n wákàtí náà nìkan ni Morọ́lá máa ń mọ̀ pé òun wà láàyè. Ẹ má bá a wí jù.

Fídíò tóbi ju fótò lọ. Kọ̀ǹpútà kún. Morọ́lá pa fótò ọdún 2016 títí dé 2020 rẹ́ níbẹ̀, ó ní ẹ̀dà wọn ṣáà wà nínú díìsìkì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó fídíò sínú díìsìkì dúdú náà, títí òun náà fi kún. Ìdíje ijó kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ilé ìwé, aago márùn-ún ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, fídíò wọn kọ̀, kò wọ inú díìsìkì tán. Àyè kò sí.

"Dìlíìtì nǹkan kan níbẹ̀ jọ̀ọ́!" Diamond ń ta gìrìgìrì. "Àwọn fótò àtijọ́ wọ̀nyẹn, ta ló tún ń wò wọ́n?"

"Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá ní mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá ló máa bá wa jó ni? Morọ́lá, ìwọ ni gbogbo wa ń wò yìí o. Má kó ìtìjú bá wa."

Ameenat ń wò ó. Rodiat ń wò ó. Morọ́lá ṣí ètò náà, ó yí i kúrò lórí "títí láé", ó gbé e sórí ìkẹta: fótò tí kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà mọ́, kí díìsìkì náà pa ẹ̀dà rẹ̀ rẹ́. Ètò náà kìlọ̀ fún un. Ó ní ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ báyìí, òun kò ní lè dá a padà mọ́. Ṣé ó dá a lójú? Morọ́lá tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Àyà rẹ̀ kò já, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni ọdún márùn-ún fi lọ. Lẹ́yìn náà ló dá ètò náà padà sórí "títí láé", bí ẹni tó ti ìlẹ̀kùn lẹ́yìn tí ewúrẹ́ ti jẹ iṣu tán.

Tó bá jẹ́ ìdíje náà lẹ fẹ́ gbọ́, ipò kọkànlélọ́gọ́ta ni wọ́n ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá Olúmúyìwá wá dúró sí iwájú rẹ̀ yìí, tó gbá báàgì mọ́ àyà.

"Ẹ̀rọ ń yọnu díẹ̀, mà," Morọ́lá wí. "Ẹ padà wá lọ́la."

Ìyá náà padà lọ́jọ́ kejì. "Ṣé ara ẹ̀rọ náà ti yá?" ló bi í, bí ẹni tó wá kí aláìsàn.

"Kò tíì yá, mà."

Nígbà tó lọ tán, Diamond dé. Ó fẹ́ kí wọ́n ká ijó tuntun kan, wọ́n sì ká a, Morọ́lá sì kó o sínú díìsìkì. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ ìyá náà fún un.

"Ṣé ìyẹn náà ló le?" Diamond ní. "Sọ fún wọn pé bàbá ẹ ló ṣèèṣì pa á rẹ́ kó tó ṣàìsàn. Ta ló máa lọ bá aláìsàn jà?"

Morọ́lá rò ó. Irọ́ náà dán, kò sì ní ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún, kò bà á lẹ́rù. Inú rẹ̀ kàn ṣófo. Ó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Olúmúyìwá mú ọsàn mẹ́fà wá nínú ọ̀rá. "Gbé e fún bàbá rẹ. Èèyàn dáadáa ni. Lọ́jọ́ tó ya fótò yẹn, ó ní kí Múyìwá rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ní, 'Bàbá, mo ti ń rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ tó sọ ọ́.' Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín." Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà. "Ṣé ara ẹ̀rọ náà ti yá?"

Morọ́lá la ẹnu. Irọ́ Diamond ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ọ̀rá ọsàn, ó wo ìwé ńlá tó ṣì ṣí sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti kọ 214. Orí bàbá yẹn náà ni òun fẹ́ gbé ẹ̀bi lé. Ó kúnlẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kò sí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ò yọnu, mà. Irọ́ ni mo ń pa fún yín. Fótò náà ò sí mọ́. Èmi ni mo pa á rẹ́. Mo ń wá àyè tí mo máa fi fídíò ijó sí."

Ọ̀rọ̀ náà kò dàbí ẹni pé ó tètè dé etí ìyá náà.

"Ijó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ẹ jó o dáadáa?"

Èèyàn lè rò pé ó ń fi í ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n kò fi í ṣẹ̀sín. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ìyá Olúmúyìwá fa àga kan, ó sì jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń wá. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí tó fi dìde tó lọ. Ó fi ọsàn náà sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Morọ́lá gbé ọsàn fún bàbá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Bàbá kò pariwo. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí itan, ó ń wò ó.

"Ọwọ́ mi yìí kú, Morọ́lá. Tó bá fọ́ àwo, kò mọ̀. Tìẹ ò kú. Wọ́n bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú, o ní bẹ́ẹ̀ ni." Ó mí kanlẹ̀. "Lọ pe Kọ́láolúwa wá. A kì í jókòó ti omi tó dà sílẹ̀ ká má gbé agbè tó kù dìde."

Kọ́láolúwa gbọ́ ọ, ó pòṣé gígùn. Lẹ́yìn náà ló yọ díìsìkì dúdú náà kúrò lára kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀.

"Gbọ́ o. Ohun tí wọ́n pa rẹ́ kì í tètè kúrò. Àyè rẹ̀ ni ẹ̀rọ kàn kà sí òfìfo. Tí nǹkan mìíràn ò bá tíì gorí ẹ̀, ó ṣeé yọ. Ìgbà wo ni ìyá yẹn kọ́kọ́ wá?"

"Ọjọ́ Ajé, bọ̀ọ̀dá."

"Òní Ọjọ́rú. Látìgbà náà, bákọ́ọ̀pù ti ṣiṣẹ́ ní aago mẹ́fà lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé ẹ tún fi nǹkan míì síbẹ̀?"

"Fídíò ijó kan."

Kọ́láolúwa fi díìsìkì náà sínú àpò rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ètò mìíràn wá, èyí tó ń wá ohun tó sọnù. Ó ní kí Morọ́lá jókòó sídìí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ètò náà béèrè irú fáìlì tí wọ́n ń wá. Morọ́lá mú àwòrán. Ó béèrè bóyá kó wá a wéréwéré tàbí kó tú gbogbo díìsìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó mú ìkejì. Ó wá béèrè ibi tí wọ́n máa kó ohun tí wọ́n bá rí sí, ó sì dábàá díìsìkì dúdú náà. Ọwọ́ Morọ́lá ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Bọ̀ọ̀dá, tá a bá kó o síbẹ̀, ṣé kò ní gorí èyí tá a ṣì ń wá?"

"Ó máa gorí ẹ̀."

"Ẹ bá mi wá díìsìkì míì, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n," Kọ́láolúwa wí. Ọ̀rọ̀ ìyìn tó sọ lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Odidi ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́. Ó yọ àwòrán tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kò sí orúkọ lára ọ̀kan nínú wọn. Òmíràn ò ní ju àwọ̀ eérú lọ. Òmíràn jẹ́ gèlè láìsí ojú, òmíràn jẹ́ ẹsẹ̀ ìyàwó láìsí ìyàwó. Morọ́lá ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ilé ìwé. Diamond wá pè é lẹ́ẹ̀mejì pé wọ́n ń dúró dè é. Lẹ́ẹ̀kejì, Morọ́lá ní kó wá jókòó kó bá òun wò nínú rẹ̀. Diamond wo bíi mẹ́wàá, ó ní ó ń dẹ́rù ba òun, ó lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin ló rí i. Fìlà onígun mẹ́rin, iwájú orí, ìpéǹpéjú dúdú méjì, ojú méjì, imú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni gèlè ìyá rẹ̀ àti ojú tirẹ̀ náà. Láti ìsàlẹ̀ imú lọ, eérú ni gbogbo rẹ̀. Kọ́láolúwa gbìyànjú títí, kò rí ìyókù yọ.

"Ohun kan ti gorí ibẹ̀," ló sọ. "Bóyá fídíò ìdíje ni, bóyá èyí tẹ́ ẹ fi síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mi ò lè mọ̀."

Morọ́lá náà kò lè mọ̀, kò sì ní mọ̀ láéláé. Ó ṣeé ṣe kí ẹnu ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ béèrè. Bó bá sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, bóyá odindi ni wọn ì bá yọ ọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyá Olúmúyìwá. Bàbá pàápàá fi ọ̀pá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Morọ́lá ti tẹ fótò náà sórí bébà dídán tó nípọn, tòun ti eérú rẹ̀, torí bàbá ní kò gbọ́dọ̀ gé e, kò sì gbọ́dọ̀ kun nǹkan kan bò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá náà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ibi tá a rí yọ nìyí, mà. Ẹ forí jì mí."

Ìyá náà gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìsàlẹ̀ tó di eérú, ó ku ojú nìkan.

"Ẹ̀rín ló ń rín," ló wí. "Ẹ wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá," bàbá Morọ́lá dáhùn. "Mo rántí."

Ó wá gbé ọwọ́ kúrò. Ó fi ìka kan tọ́ eérú náà, ní ọ̀gangan ibi tó yẹ kí ẹnu wà.

"Ibí ni èjí rẹ̀ ì bá wà."

Ẹkún tí kò wá láti ọdún kan bẹ̀rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ó jáde, ó sì kún ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá fi ọwọ́ òsì di apá rẹ̀ mú. Kò sí ẹni tó ní kó gbàgbé, kò sí ẹni tó ní kó dákẹ́. Morọ́lá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó dùn ún. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́jọ, nǹkan kan dùn ún dé egungun, kò sì mọ ibi tó máa gbé ara sí.

Nígbà tó ṣe, ìyá náà nu ojú, ó fi fótò náà sínú báàgì, ó sì tún gbá báàgì náà mọ́ àyà. "Mo dárí jì ọ́," ló sọ fún Morọ́lá. "Ṣùgbọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹlòmíràn mọ́."

Ẹlòmíràn ṣì ń bọ̀. Ìwé ńlá bàbá kún fún orúkọ àwọn tí wọ́n ya fótò láàárín ọdún márùn-ún náà, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì sí nínú ohun tí wọ́n rí yọ. Morọ́lá mú bírò pupa, ó kọ ọ́ síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan pé: "Èmi Morọ́lá ni mo pa á rẹ́." Bí olóhun bá dé, ojú ìwé náà ló máa ṣí fún un, òun náà ló sì máa kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ti bẹ ẹni mọ́kànlá báyìí. Àwọn kan bú u, àwọn kan kàn yí padà lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá Morọ́lá rìn dé ibí yìí, ohun tí wọ́n bá fi sí ìkáwọ́ yín, ẹ má ṣe torí pé àwọn ọ̀rẹ́ ń wò yín kí ẹ fi ṣòfò. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tó dà bí ẹrù àtijọ́ lójú yín lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ olóhun. Bí ẹ bá sì ti bà á jẹ́, ẹ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n lè rí ìyókù yọ.